Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta, Èmi àti Rọ̀bọ̀tọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Ó dé! Bọ́ọ̀lù ìrọbí tí ọkọ mi ní kí wọ́n gbé wá fún mi, èyí tí aboyún ń jókòó lé kí ìbímọ lè rọrùn, ó dé nínú páálí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ póńpù, mò ń rẹ́rìn-ín, ọmọ inú ń tàpá. Ó wú, ó wú — ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju tábìlì lọ! Àwọ̀ ewé ni. Mo sọ ọ́ ní Rọ̀bọ̀tọ̀. Mo gùn ún, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ èmi, ara ò rọ Rọ̀bọ̀tọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo wá yíjú láti fi han ẹnì kan.
Kò sí ẹnì kan.
Oṣù mẹ́wàá rèé tí a ṣègbéyàwó, mo ṣì máa ń dúró wo òrùka mi tí mo bá ń fọ abọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Agùntáṣọọ́lò mi, ọkọ mi, pè láti èbúté! Ìdí ẹ̀rọ ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó wà nínú agolo. Wọ́n fẹ́ wọ agbami. Kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ — òun á sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé òun. Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Ẹnu mi ṣáájú mi: "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé."
Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe mí.
Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílùú tí wọ́n ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú màmá wa. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó. Wọ́n ní, "Ọkọ orí omi lo rí fẹ́? Ìwọ á gbé oyún jókòó sínú yàrá, òun á wà lójú agbami, èmi náà lo máa tún sáré pè." Mo ní mi ò ní pè wọ́n láyé.
Mi ò sì ní pè wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mo lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Mo ṣàlàyé Rọ̀bọ̀tọ̀ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀ẹ̀kẹ́ yẹn, ẹgbẹ́ mi ni. Ó pariwo: "Ṣé ẹṣin lo rà ni?" Ó ní mo ti fún un ní afẹ́fẹ́ jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ sílẹ̀, kí ìbàdí ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Kí n má wọ ìbọ̀sẹ̀. Kí n máa yí ìdí bí ẹni ń ro ọkà, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè: "Lọ́jọ́ ìrọbí, ta ló máa wà lẹ́yìn rẹ? Bí ìrora bá mú ọ, bọ́ọ̀lù lè yọ̀ lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì ọ́ mú."
Mo ní ẹ̀gbọ́n mi.
Irọ́ mi ti bí ìbejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Mo tú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀!!!

Ọjọ́rú, 11
Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ — èmi àti Rọ̀bọ̀tọ̀. Mo ń yí sọ́tùn-ún, mo ń yí sósì. Bí ẹ̀yìn bá ń ro mí, mo kúnlẹ̀, mo fi àyà lé e, ó gbà mí mọ́ra, ìrora náà á sì yọ́. Mò ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé ọkọ mi ga tó bẹ́ẹ̀ tó máa ń tẹrí ba fún ilẹ̀kùn. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu rí. Lónìí, ohùn mi ha nígbà tí mo kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì — mo wá rí i pé n ò tíì bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ìjẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Mo gbàgbé, mo wọ ìbọ̀sẹ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ yọ̀ lọ lábẹ́ mi, mo fìdí sọlẹ̀ gbàà. Ọmọ dákẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn, mò ń bẹ̀ ẹ́ — jọ̀ọ́, tàpá, jọ̀ọ́. Ó pẹ́. Ó tàpá! Mo wá rí fóònù lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi lójú rẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 18
Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò. Ara ọmọ le, orí rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ní Rọ̀bọ̀tọ̀ ṣe bẹbẹ. "Mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá kí n kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dì ọ́ mú." Mo ní ọwọ́ wọn dí. Ó wò mí. Mo wo ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
Ó pè! Wọ́n ti rí ilẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo ń fò sókè sódò lórí Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wa tán ni."
Mo dáwọ́ fífò dúró. Mo ní, "O kí wọn báwo?"
Ó ní, "Ah-ah, àna mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́jú ìyàwó mi, kí n má pè wọ́n kí n ní ẹ kú iṣẹ́? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"
Mo gbàgbé! Gbogbo irọ́ tí mo pa, mi ò rántí pé ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ò ní ṣàìdúpẹ́ lọ́wọ́ àna. Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ó ní wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, àfi bí ẹni pé ìlà já. Lẹ́yìn náà wọ́n ní a dúpẹ́, ara mi le, nígbà tí òun sì béèrè bọ́ọ̀lù, wọ́n ní mo tiẹ̀ wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ni, pẹ̀lú báàgì, eruku ọ̀nà lára wọn.
"Ìwọ ọmọ yìí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti wà nílé rẹ, o ò fún mi lómi mu!"
Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fẹ́ tún sọ̀rọ̀, wọ́n rí ikùn mi, wọ́n ju báàgì sílẹ̀, wọ́n fà mí dìde.

Ọjọ́bọ̀, 26
Obìnrin ni! Ó gùn bíi bàbá rẹ̀! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́wọ́ ọ̀sán. Láàárọ̀ ni ìrọbí mú mi, a gbé Rọ̀bọ̀tọ̀ dání lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi, wọ́n fi orúnkún há mi láàárín, wọ́n dì mí mú lábẹ́ apá. Bí ìrora bá dé, mo yí, mo ké, wọ́n á ní, "Fara lé mi. Mo wà níbí." Mo fara lé wọn. Títí àwọn nọ́ọ̀sì fi gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ, bọ́ọ̀lù yẹn ò yọ̀ rárá.
A ti délé. Láàárọ̀ yìí ọkọ mi tún pè láti dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ń sùn. Wọ́n ń sọ fún un bí àwọn ṣe ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹ̀yìn mi láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn ò ṣe jẹ́ kí n dá jẹun rí. Bí mo ṣe ṣubú lọ́jọ́ kan — mo ti sọ ìyẹn fún wọn — tí àwọn sì gbé mi dìde.
Mo ń gbọ́. Omijé mi ń bọ́ sórí ọmọ.
Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ —"
"Má bẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ fún ọkọ rẹ. Èmi kì í purọ́ fún àna. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo tíì lò."
Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.