Mo Gbọ́ Fèrè Tírélà Náà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ níbi tí o ti lè fara balẹ̀ kà á. Ara màmá rẹ le. Èmi náà ń bẹ láàyè, bí èjìká mi tilẹ̀ ti ya olórí kunkun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo gbọ́ fèrè tírélà náà. Mo gbọ́ ọ ketekete. Orin tí ò ń kọ lẹ́yìn ọkọ̀ kò dí mi létí rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ọkọ̀ tuntun rẹ̀ kọjá mi lójú títì, ó sì tún juwọ́ sí mi. Inú bí mi, mo ní n óò lé e bá. Fèrè dún níwájú, mo ní tírélà ni yóò yà fún mi. Kò yà, ó sì gbá ọkọ̀ wa.

Nígbà tí màmá rẹ sáré dé ọsibítù, tí ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu mi ṣáájú ọkàn mi. Mo ní, "Ariwo ọmọ yìí ni. Kò jẹ́ kí n gbọ́ fèrè." Orí bẹ́ẹ̀dì lo wà, wọ́n ń di orúnkún rẹ lọ́wọ́, o sì gbọ́. O kò jiyàn. O ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò ní kọrin mọ́." Mo dákẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àbúrò rẹ ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ panu mọ́ o, bàbá ń wakọ̀." Èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú èjìká tí mo fi ṣèṣe lọ́jọ́ náà. Ó ti le débi pé màmá rẹ ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún mi bí ọmọ jẹ́léósinmi. Dókítà ní egungun ti so padà, oríkèé ni kò rọ̀, ó sì ní kí n lọ bá obìnrin kan tó ń fi ìdárayá tú oríkèé tó ti gan. Àwa aláìsàn ń pè é ní Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i, nítorí "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan sí i" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí mo bá kérora, á ní, "Apá ni mo ní kí ẹ gbé sókè, sà. N kò ní kí ẹ fajú ro."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí bí mo ṣe fi èjìká ṣèṣe. Irọ́ àtijọ́ ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní ọmọ kan ló ń pariwo lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé òun náà kò fara pa?" Ẹkún gbà mí lẹ́nu, èmi àgbàlagbà, láàárín àwọn ẹni tó ń na ẹsẹ̀ tó ń na apá. Nígbà tí mo simẹ̀dọ̀, mo sọ òtítọ́ fún un, mo sì béèrè nípa orúnkún rẹ tí kò san tán títí di òní. Ó ní òun kì í ṣèlérí lórí ohun tí òun kò tíì fojú rí, ṣùgbọ́n orúnkún tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti rọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rán àbúrò rẹ mẹkáníìkì sí ọ. Ó ní òun bá ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ òsì lo fi ń tẹ̀ ẹ́, o na ọ̀tún sórí àpótí, o sì ti ń dá aṣọ oníbàárà padà láìrán. Ó bẹ̀ ọ́ títí kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. O ní, "Fi mí sílẹ̀ jàre. Àfọwọ́fà ni, kì í ṣe àìsàn. Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá, ta ni mo fẹ́ kó bá mi kẹ́dùn?" Ọmọ mi, èmi rò pé ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, pé o ti gbàgbé. N kò mọ̀ pé ò ń jẹ ìyà mi lójoojúmọ́, tí o sì ń pè é ní tìrẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo pe màmá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ jọ sí pálọ̀, mo sì rò ó fún wọn láìfi ọ̀kankan pamọ́. Mẹkáníìkì dìde, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Màmá rẹ wò mí títí. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa fi ohun tí ọmọ mi kò ṣe bá a wí?" Kò tíì bá mi jẹun láti ìgbà náà. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tí yóò sọ nínú ilé wa pé ìwọ lo fa jàǹbá náà.

Bí ẹni tí a kò mọ̀ rí bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì, a ó kí i ní pẹ̀lẹ́, bí a kò tilẹ̀ mọ ohun tó kọ lù. Èmi kò kí ọ ní pẹ̀lẹ́ rí lórí orúnkún yẹn. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rù á bà mí pé o lè wò mí lójú kí o sì mọ̀. Òtítọ́ lo sọ, àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló fà á. Ìwọ kò mọwọ́, o kò mẹsẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ ìrora. Pẹ̀lẹ́ gbogbo àtẹ̀gùn tí o ti gùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, pẹ̀lẹ́ náà ṣì jẹ́ tìrẹ.

Ọlọ́run yóò tù ọ́ lára. Ẹsẹ̀ rẹ yóò máa gbé ọ dé ibi ire. O kò ní ru ẹrù ẹlẹ́rù mọ́, àwọn ọmọ rẹ kò sì ní rù fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó wa ọkọ̀ náà.

Mo tún rántí: Mẹkáníìkì yóò wá gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí o bá gbà. Wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀. Màmá rẹ ní òun ń bá ọ lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá òun jiyàn. Èmi yóò fẹ́ láti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n má wá, n óò jókòó sílé.