Bàbá Ẹ-Dákẹ́ àti Ohùn tí Wọ́n Wá Títí

Ọdún 1961 ni a bí olóògbé, àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́rin, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù baba wọn tó jẹ́ aránṣọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn.

Ní 1975, àìsàn dá baba dúbúlẹ̀, olóògbé sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. Wọ́n ń gé aṣọ lọ́sàn-án, wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti ya. Òwú ìránṣọ ni wọ́n fi ń dì í. Wọ́n yege ní 1981, wọ́n sì wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ gígé àti títo fíìmù. Baba wọn rẹ́rìn-ín pé ọmọ òun sá fún àlùmọ́gàjí, ó tún lọ kó sí i lọ́wọ́.

Ní 1988, wọ́n gbé aya wọn níyàwó, nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rín wọn máa ń ṣáájú wọn wọlé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ dá wọn dúró ní 1999, wọ́n gba yàrá kékeré kan lókè ilé búrẹ́dì, níbi tí ooru ti ń gba ilẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó ló ń gbé fíìmù kéékèèké wá, tí olóògbé ń bá wọn to àwòrán, tí wọ́n ń fọ ohùn rẹ̀ mọ́. Wọn kì í kúrò níbi tí wọ́n ti ya fíìmù láì sọ pé kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n gba ohùn yàrá náà sílẹ̀ lásán. Wọ́n ní yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, òun ni a fi ń lẹ ibi tí a bá gé. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Ẹ-Dákẹ́ nìyẹn. Kò sówó díìsìkì tuntun. Bí fíìmù kan bá ti jáde, wọn a pa ohun tó wà nínú díìsìkì rẹ́ fún iṣẹ́ mìíràn. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn yàrá nìkan ni wọ́n ń tọ́jú.

Ní 2011, àkọ́bí wọn obìnrin ya fíìmù kan ní pálọ̀ ilé wa, ìyá rẹ̀ sì ni olú òṣèré. Ariwo ọkọ̀ láti títì kó bá ohùn Ìyá. Ọmọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olóògbé kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gbọ́dọ̀ mọ́. Wọ́n fi ohùn obìnrin mìíràn rọ́pò. Ìyá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni yẹn tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ ju òun lọ. Wọ́n pa díìsìkì rẹ́ bí ìṣe wọn.

Ní 2013, Ìyá sùn nínú Olúwa. A wá ohùn wọn kiri, a ò rí i. Àkọ́bí sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Dádì, ojú Mọ́mì ló wà nínú fíìmù yẹn, ẹnu ẹlòmíì ló ń bá wa sọ̀rọ̀.” Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Olóògbé lọ bá gbogbo ẹni tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́ rí, bóyá ohùn Ìyá há síbì kan, òfo ni. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àti ọmọ wọn kò jọ sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2024.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí jókòó sórí àga iṣẹ́ Bàbá láti to àwòrán ìsìn ìdágbére yìí. Ó nílò ìdákẹ́jẹ́ pálọ̀ wa, ó sì ṣí èyí tí olóògbé gbà sílẹ̀ ní 2011, nígbà fíìmù Ìyá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni olóògbé máa ń gé lò. Ta ni í fetí sí ìdákẹ́jẹ́ dópin? Ọmọ gbàgbé láti dá a dúró, ohùn Ìyá sì jáde:

“Bàbá Ẹ-Dákẹ́, ṣé a ti lè mí? Ẹsẹ̀ ń dùn mí o.”

“Ó kù díẹ̀, ìyá ọmọ mi.”

Orí pẹpẹ tó wà lẹ́bàá orí olóògbé ni ohùn náà wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n lọ láìgbọ́ ọ. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ nínú ìsìn lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dúró jẹ́ẹ́.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ márùn-ún àti àwọn ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ sáyé lọ.

Bàbá, díẹ̀ tí ẹ ní ó kù ti pé. Ìyá ti dúró pẹ́. Ẹ sùn re o.