Wọ́n Ń Pe Ọkọ Mi Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Olóòtú ètò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹdẹ ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Mo ṣì ń ṣe opó, mi ò lè jáde, ni mo fi kọ̀wé.

Nínú pálọ̀ wa ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń ṣe irinṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, òun náà sì wà níbẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé, "Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí màmá mi gbọ́ láéláé." Láràárọ̀ ló ṣì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nítorí màmá tí wọ́n ń bá wa gbé.

Oṣù tó kọjá ló kú. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, màmá sọ fún àwọn ààfáà pé, "Ẹnu iṣẹ́ ni ọmọ mi wà tó fi lọ." Mo kàn tẹrí ba ni.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà wọlé sórí fóònù rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà tún ń gba èèyàn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dá a dúró lọ́dún tó kọjá, pé kó padà wá, tàbí kó fa ẹlòmíì kalẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọkọ mi ti kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Jibril. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Sekona báyìí, kì í sì í fi nǹkan kan pamọ́ fún màmá wọn.

Lánàá, mo jókòó sórí àga ọkọ mi, mo ní, "Bàbá ọmọ mi, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n fún Jibril ní lẹ́tà yìí, kí màmá sì gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́?