Níbo Ni Wọ́n Ti Kà Yín, Bàbá?

Bàbá mi, olóhùn jẹ́jẹ́,

Kò tíì pẹ́ tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì yín ní Ìpẹru, àmọ́ ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí n kò lè gbé pamọ́ di ìgbà tí mo bá tún wálé. Títí di báyìí, bí mo bá rántí rẹ̀, ṣe ni mo máa ń fi ohun tí mo ń ṣe sílẹ̀ tí màá jókòó.

Ara Màámi le díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni a ṣì ń bá yí, ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa náà la ṣì ń lọ. Ibẹ̀ ti kún ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ní bílọ́ọ̀kù wa ní ẹ̀sìtéètì Jakande n'Ísọlọ̀, ibi tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀, ìdílé méjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Màámi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ò sì tó nǹkan. A lọ bá aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Kò lé wa, ó gbọ́ wa dáadáa. Ohun tó kàn sọ ni pé àwọn tí òun ń ṣojú fún ti pọ̀ jù, pé bí a ṣe jókòó yìí, àdúgbò míì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tí a wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn kan l'Óṣòdì lórí bí wọ́n ṣe ń pín ẹkùn ìdìbò, ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ̀sìtéètì ní kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ yín ni mí, ẹnu yín ni mo jogún.

Mo sọ̀rọ̀ o, Bàbá. Mo ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ti kún àkúnya. Mo ní láti Jakande títí dé ibi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, títí dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, èèyàn ń ṣubú lu èèyàn. Mo ní aṣojú méjì kò tó wa, kí wọ́n fún wa ní ẹ̀kẹta. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Orí mi wú, mo ní bí ẹ bá ń rí mi níbi tí ẹ wà, ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́yà obìnrin kan ni wọ́n pè pé kó wá ṣàlàyé òfin. Kò lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Nígbà ìkànìyàn tó kẹ́yìn, níbo ni wọ́n ti kà yín?"

Mo ní, "Ìpẹru ni. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní kí gbogbo ẹni tí wọ́n kà ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ yẹn nawọ́ sókè.

Bàbá, èrò kún gbọ̀ngàn yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ tó lọ sókè ò ju bíi mélòó kan lọ. Bàbá Ṣọlá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ìkirè ni wọ́n ti kà mí, èmi àti gbogbo ilé mi." Obìnrin kan lẹ́yìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni tòun. Ẹlòmíì ní Ṣakí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́yà náà ní, "Òfin fẹ́ kí iye èèyàn tó wà ní ẹkùn ìdìbò kan sún mọ́ ti èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kà nìkan ni òfin mọ̀. Kò mọ ẹni tó ń sùn síbí tí wọ́n kà síbòmíì."

Mo rò pé ó ti parí ni. Ó tún ní, "Ká tiẹ̀ ní ibí ni wọ́n ti ka gbogbo yín, ìwé òfin ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju ogójì èèyàn lọ. Ti Èkó ti pé ogójì. Méjì-méjì ló kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó kún àti èyí tí kò kún. Ẹ̀kẹta tí àǹtí ń bèèrè yìí, ọwọ́ ta ni kí wọ́n ti gbà á?"

Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹnìkan ló rọra gbà á.

Nígbà tí mo gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Óṣòdì, mo dúró lórí rẹ̀ mo ń wo èrò nísàlẹ̀. Ojú mi ò rí òpin wọn. Mo ń bi ara mi pé, ta ló wà níbí gan-an nínú gbogbo wọn? Ẹ̀yin ni mo wá bínú sí. Mo rántí bí ẹ ṣe kó gbogbo wa sínú ọkọ̀ lọ sí Ìpẹru, tí ẹ ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlú wa kéré lójú ìjọba. Ẹ fi ọwọ́ yín ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ tún fà á wò bóyá ó wọlé, bí ẹ ṣe máa ń fa gbogbo ilẹ̀kùn wò.

Mo délé, mo rò ó fún Màámi. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Àwa ni wọ́n kà n'Ípẹru. Wọn ò ka bàbá yín níbẹ̀."

Mo ní, "Báwo, Màámi? Ṣebí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn wa?"

"Wọn ò wá. Wọ́n sọ fún àbúrò wọn pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Irọ́ ni. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn bílọ́ọ̀kù yìí, wọ́n ń dúró de àwọn tó ń kànìyàn. Wọ́n ní ilé ló bí àwọn, àmọ́ Ìsọlọ̀ ló bọ́ àwọn. Wọ́n ní àwọn ti fún ilé ní ìyàwó àti ọmọ, kí n jẹ́ kí àwọn fún Ìsọlọ̀ ní orí àwọn kan ṣoṣo. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ, kí ẹbí má baà dá ìjà sílẹ̀."

Bàbá, orí ilẹ̀ lásán ni mo jókòó sí. Gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, ẹ ò sọ ọ́. Kí ló wá sí yín lọ́kàn nígbà tí wọ́n bi yín pé èèyàn mélòó ló ń gbé ilé yìí, tí bàtà gbogbo wa tò sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn yín, tí ẹ sì ní ẹnìkan? Ṣé wọ́n wo bàtà yẹn? Ṣé ẹ dá jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà?

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ìkànìyàn mìíràn ń bọ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ti pè mí pé kí gbogbo wa palẹ̀ mọ́ ká wálé tó bá yá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìsọlọ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ mi máa wà."

Wọ́n ní, "Ṣé kí ilé bàbá yín wá ṣófo ni?"

Mo ní, "Kò ní ṣófo. Bàbá mi wà níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Wọn kì í ka òkú, ọmọ mi."

Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé bí a tilẹ̀ dúró, aṣojú méjì náà ni, àfi bí wọ́n bá yí òfin padà. Síbẹ̀, mo sọ ọ́ nípàdé ẹ̀sìtéètì, Bàbá Ṣọlá ló kọ́kọ́ dìde pé àwọn ò ní lọ sí Ìkirè mọ́. Àwọn míì tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan bínú jáde.

Mo rò pé gbogbo ilé wa ti fohùn ṣọ̀kan, àfi àná tí mo rí Màámi tí wọ́n ń ka aṣọ sínú báàgì. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìkànìyàn. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn kàn ń múra sílẹ̀ ni. Wọ́n ní kí èmi àtàwọn ọmọ dúró sí Ìsọlọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọjá, wọn ò ka àwọn àti ọkọ àwọn sí ojú kan náà, àti pé Ìpẹru ni ọkọ àwọn wà báyìí.

N kò lè la òfin yé wọn. Mo bá wọn ka aṣọ náà.

Ẹ máa retí wọn, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gbé ilé yín, tí àárò yín ń sọ.