Bangkok Láìsí Ọjà

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Fúnkẹ́ ọmọ mi wá láti ilé rẹ̀ ní Bantama lónìí, ó ní ká jókòó ṣètò ìrìn-àjò Bangkok wa. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Tẹ́ńpìlì ńlá, ọgbà òdòdó, ká sì wọ ọkọ̀ ojú omi.

Mo ní, "Ọjọ́ wo la máa dé ọjà?"

"Maame, ẹ tún ti dé, paa! Ìgbafẹ́ là ń lọ, kì í ṣe aṣọ la fẹ́ lọ kó."

Mo ní ta ló ń wọ bàálù lọ wo omi, ṣé omi ò sí ní Ghana ni? Bí mo bá gbé ọwọ́ òfìfo dé, àwọn oníbàárà mi ní ọjà Kejetia á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo ìrìn-àjò yín, ilé ni mo ti máa ń dúró dè yín. Ẹ máa ń kó ẹrù dé fún mi. Mi ò bá yín lọ síbì kankan rí."

Mo ní ó dáa, a ò ní dé ọjà.

Owó bàálù yẹn ṣì ń dùn mí, láìsí èrè kankan... Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Kí lèmi àti ọmọ yìí máa bá ara wa sọ nínú ọkọ̀ ojú omi?