Omi Tí Ó Pọ́n Nínú Ife Asiata

Òkè-Àsá, lọ́nà Ìkìrun,
Oṣù Kẹwàá, ọdún 1970.

Abíọ́nà ọmọ mi,

Èmi Hannah ìyá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, má wo ti bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣubú lu ara wọn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ìyàwó mi Bùkọ́lá ń jẹun dáadáa, ṣé Yétúndé ti ń rá? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ yín, Olúwa kò ní jẹ́ kí ó yíjú padà. Ilé tí ẹ̀ ń gbé ní Diobu ní Port Harcourt kò ní jò lórí yín, ọ̀nà kò ní na yín. Nílé níbí, a ti wa iṣu tuntun, ọ̀yà jẹ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ kù fún wa. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, mo fi òkúta lé e padà. Ewúrẹ́ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ bí ìbejì, ọ̀kan kú.

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé kì í ṣe ti iṣu àti ewúrẹ́. Ìtìjú ni ó jókòó sí mi láyà, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tán àfi ìwọ.

O rántí bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ yín. Mo wá wẹ ọmọ fún ìyàwó mi, o sì ní kí n bá yín lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín ní gbọ̀ngàn kékeré tí ó wà lẹ́yìn ọjà Mile One. O ti sọ fún mi pé ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ènìyàn láti wádìí ọ̀rọ̀ kí ó tó gbà á gbọ́ ni, pé ẹ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi rò pé ìjọ tuntun ni. Mo wé gèlè tí mo fi ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, mo mú ìwé orin dání, mo di owó ọrẹ mọ́ etí ìró. Ẹ kò kọrin, ẹ kò gbé igbá ọrẹ, ẹ kò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín sáà ń sọ pé Sáyẹ́ǹsì wí báyìí, Sáyẹ́ǹsì fi hàn pé báyìí ni, mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà kí Ọ̀gbẹ́ni Sáyẹ́ǹsì wọlé, mo tilẹ̀ sún díẹ̀ kí ó lè rí àyè jókòó.

Ibẹ̀ ni Dagogo ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni tí ń po oògùn, ti da omi sínú ife tánganran kan tí omi náà sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo fò dìde, mo ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, mo sì sá gba àárín àwọn tí ń ta ẹja gbígbẹ, gèlè mi bọ́ sínú gàrí ẹni ẹlẹ́ni. Boma nọ́ọ̀sì ni ó sáré tẹ̀ lé mi, ó ń pariwo pé Máma, nó fía, na páúdà. Mo rò pé Nófía ni orúkọ ẹ̀mí tí ó wà nínú ife náà, mo bá tún fi kún eré.

Nígbà tí ó mú mi padà, ó ní kí n má bẹ̀rù ni òun ń wí, pé ìyẹ̀fun lásán ni, Dagogo sì ṣàlàyé fún gbogbo wa. Ó ní ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń tà fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ nínú ni òun fi pa inú ife, omi tí òun sì dà sí i ti ní sódà ìfọṣọ nínú, bí àwọn méjèèjì bá ti pàdé wọn á pọ́n, òun sì ni àwọn kan ń pè ní iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo sọ fún ọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé o kó ìtìjú bá mi, pé mi ò bí ọmọ kí ó lọ máa tú iṣẹ́ ìyanu wò bí ẹni tú àpò olè. Boma fi sùúrù sọ fún mi pé òun wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì òun, pé Mùsùlùmí wà nínú yín, ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan náà wà, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi àdúrà apá kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà di àlejò. Mi ò gbọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo di ẹrù mi, mi ò mu ògì tí Bùkọ́lá pò fún mi.

Nígbà tí mo délé, wọ́n bi mí nínú ìjọ pé kí ni Abíọ́nà ń ṣe ní Port Harcourt yàtọ̀ sí iṣẹ́ tíṣà. Mo ní ajíhìnrere ni ọ́. Baba Adébánjọ olórí ìjọ wa dúró, ó dúpẹ́ lórí rẹ, wọ́n lu agogo, mo sì jó.

Ní ìgbà òjò yìí ni ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọdé wa. Ọmọ kan kú ní agbo ilé alágbẹ̀dẹ. Wòlíì kan tí ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òun á fi ẹni tí ń pa wọ́n hàn. Ó to àwa àgbà obìnrin síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ó fún kálukú ní ife láti inú àpò rẹ̀, ó sì ń bu omi garawa rẹ̀ sí i, ó ní ẹni tí omi rẹ̀ bá pọ́n ni àjẹ́. Tèmi kò yí padà. Ti Asiata pọ́n. Asiata tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni mò ń sọ, opó tí kò bímọ, tí ó pọ̀n ọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn.

Abíọ́nà, mo mọ̀. Bí omi náà ṣe pọ́n ni ojú Dagogo wá síwájú mi. Mo la ẹnu. Asiata ń wò mí. Ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá fọhùn, wọ́n á bi mí níbi tí mo ti rí irú rẹ̀ rí, irọ́ tí mo pa á sì tú, ijó tí mo jó á di ẹ̀sín. Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n kó ìkòkò rẹ̀ dà síta, wọ́n fọ́ ọ. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gba inú òjò lọ sí ahéré kòkó tí òrùlé rẹ̀ ti wó.

Ìtìjú náà dà bí aṣọ tí kò kárí ara, ibi tí mo bá fà á bò, ibòmíràn á ṣí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ fún wòlíì, mo dìde kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, pé ọmọ mi kì í ṣe ajíhìnrere, pé ẹgbẹ́ tí ń wádìí ọ̀rọ̀ ni ó ń bá ṣe, wọ́n sì ti fi omi tí ń pọ́n hàn mí, kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wòlíì ní Sàtánì ti gba ahọ́n mi. Mo ní kò burú, kí ó tún dán mi wò nínú ife tí omi Asiata ti pọ́n, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ó fẹ́ kọ̀, ìjọ ní kí ó fún mi. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo ṣàn án títí. Ó bu omi rẹ̀ sí i, omi náà dúró ní omi. Ó ní ẹ̀mí ti bínú lọ.

Baba Adébánjọ, ẹni tí mo rò pé yóò lé mi jáde, sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìwàásù. Ó na ọwọ́ sínú àpò wòlíì, ó mú ife kan tí wòlíì wé lọ́tọ̀ sínú aṣọ, ó bu omi garawa náà sí i lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó pọ́n, ó tilẹ̀ pọ́n ju ti Asiata lọ. Baba gbé e sókè, ó bi ìjọ bóyá òun náà ni àjẹ́. Wòlíì ti gba ẹ̀yìn jáde.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìtìjú mi á parí sí. Mo lọ sí ahéré láti lọ mú Asiata wálé, kò jẹ́ kí n wọlé. Ó ní òun rí ẹnu mi nígbà tí mo là á, òun sì rí i nígbà tí mo pa á dé. Ó ní wòlíì kò mọ òun rí, èmi ni mo mọ òun. Baba Adébánjọ ni ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Mò ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n adìẹ rẹ̀ ni mo ń rí tí ń jẹ ẹja inú ọbẹ̀ náà.

Wòlíì lọ, àìsàn kò bá a lọ. Ìgbẹ́ gbuuru ṣì ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Mo rántí awò tí Boma ní, èyí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, mo ní ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ wo omi odò wa, bóyá òun ni ó ń fa àìsàn náà. Mo gbé ìgò omi kan lọ sí pósítọ́fíìsì Ìkìrun, akọ̀wé ní àwọn kì í gba omi. Mo bi í bóyá kò lè gba inú wáyà lọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba ibẹ̀, ó sáà ń wò mí. Làtífù tí ń fi lọ́rì kó obì wá sí Mile One ni ó ń mú un bọ̀. Má fòyà pé ó dọ̀tí o. Mo ti sè é títí ó fi hó gidi, mo sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ dáadáa, kí odò wa má baà dójú tì ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán Làtífù sí mi. Kì í ṣe fún ẹnu mi. Mo fẹ́ ra ìkòkò dípò èyí tí wọ́n fọ́ fún Asiata, òjò sì ti ba ẹní rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí n fi kan páànù. Bá mi bẹ Bùkọ́lá, kí ó foríji ìyá ọkọ rẹ̀. Bí àyè bá sì gbà ọ́, ìwọ àti Boma, ẹ wá. Mo ti sọ ẹni tí o jẹ́ fún wọn, kò sí ohun tí ẹ óò fi pamọ́ nítorí mi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Asiata lánàá, mo sọ fún un pé mò ń kọ̀wé sí ọ. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ nìkan ni òun kí. Mo ti kọ ọ́ bí ó ṣe wí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ìyàwó mi, á dá Yétúndé sí fún wa. Ìmọ̀ tí o ní kò ní di ẹrù lórí rẹ. Ọjọ́ tí ó bá yẹ kí o sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ kò ní kú bí tèmi ṣe kú. Bí o bá lè ṣe àmín sí i, ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, má fi tipátipá ṣe é nítorí mi, mo ti ṣe é fún gbogbo yín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hannah.