Àwo Mẹ́fà ní Igbó Rwamisho

Ọjọ́ Ajé, 10 Òkúdù 2019
Èmi ni wọ́n mú. Èmi ni màá ṣe akọ̀wé, èmi náà ni màá máa túmọ̀. Obìnrin kan ti Kampala dé, Nalweyiso lorúkọ rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Oníbàtà Funfun — bàtà funfun, nínú ẹrẹ̀ wa yìí! Ó ní àwọn tó ń ṣèrànwọ́ fún igbó ọba fẹ́ mọ̀ bóyá òdodo wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni yóò dáhùn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, àwa àgbẹ̀, àti àwọn Batwa tí ìjọba kó jáde kúrò nínú igbó náà nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Ìbéèrè mẹ́fà, àwo mẹ́fà. Ẹ̀wà mẹ́ta nínú àwo, ó dára gan-an. Àwo òfìfo, kò sí òdodo níbẹ̀ rárá. Ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo wa á jókòó pọ̀ gbọ́ èsì.
Kí ló le níbẹ̀? Ogún ọdún ni mo ti ń fi ẹ̀wà kọ́ ọmọ níṣirò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù
Àwa àgbẹ̀. Ariwo. Erin jẹ ọ̀dùnkún wa, ta ló bi wá léèrè? Òfìfo márùn-ún. Ẹ̀wà kan ṣoṣo, nítorí ọ̀nà tí wọ́n là. Bí mo ṣe rò ó gẹ́lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù
Àwọn ẹ̀ṣọ́. Ndyanabo, àbúrò mi, ni olórí wọn. Mo rò pé wọ́n á da ẹ̀wà sílẹ̀ bí òjò. Rárá o. A dé orí ìbéèrè kẹrin: ṣé ìyà kan náà ni gbogbo arúfin ń jẹ? Ẹnì kan ti fi ẹ̀wà méjì sí i. Ẹ̀ṣọ́ kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dìde, ó kó méjèèjì kúrò. Ó ní, “Ẹni tó ru igi ìdáná là ń mú. Ọkọ̀ tó kó pákó, wọ́n á ní ká ṣí géètì fún un.”
Ndyanabo ń wolẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Òkúdù
Òjò. Mi ò jáde. Kí ló dé tí Ndyanabo ò dá ẹ̀wà yẹn padà?

Ọjọ́ Ajé, 17 Òkúdù
Orí mi dàrú.
Àwọn Batwa lónìí, mọ́kànlá péré. Ìyá Oyin ló ṣáájú wọn — Nyiramisago lorúkọ rẹ̀ gan-an. Sembagare ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ nítorí ó lọ gé oyin nínú igbó. Mo ti ń retí òfìfo mẹ́fà. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta! Ẹ̀wà méjìdínlógún. Ṣé wọ́n ń gbọ́ ohùn yín? Wọ́n ń gbọ́ ọ. Ṣé ìyà kan náà ni? Kan náà ni. Sembagare sì jókòó síbẹ̀, ó ń yọ ẹrẹ̀ léèékánná.
Mo ní, “Kaaka,” bí a ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, “ṣé ó yé yín? Mẹ́ta túmọ̀ sí pé ó dára o.”
Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, àbí o rò pé nínú igbó, a kì í ka nǹkan dé mẹ́ta?”
Inú Oníbàtà Funfun dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Òkúdù
Ẹnì kan ti halẹ̀ mọ́ wọn. Ta ni? Mo lọ bá Ndyanabo nílé. Ó bínú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ rò pé mo lọ dẹ́rù ba arúgbó? Èmi tí mo jẹ́ kí wọ́n tú àṣírí wa lójú yín?” Bushera, ohun mímu ọkà bàbà tó bù fún mi, mi ò mu ún tán. Bí kì í bá ṣe òun, ta wá ni?

Ọjọ́rú, 19 Òkúdù
Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oyin. Ẹní ló ń hun. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó ní, àlejò kan wá bi wọ́n nírú ìbéèrè yìí. Wọ́n sọ òtítọ́. Sembagare ló sọ̀rọ̀ jù. Ìwé náà dé ọ́fíìsì ọ̀gá igbó. Kò pé oṣù méjì, wọ́n mú Sembagare. Gbogbo wọn ló ń gé oyin, òun nìkan ni wọ́n wá ká mọ́lé.
Mo ní, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òun ló sọ ọ́?
Ó wò mí. “Orúkọ wà níbẹ̀. Ìwọ lo kọ ọ́.”
Èmi ni. Èmi ni mo bá àlejò yẹn kọ̀wé, kò sì béèrè orúkọ. Èmi ni mo fi rúlà fa ìlà, tí mo to orúkọ sápá òsì, ọ̀rọ̀ sápá ọ̀tún, bíi rẹ́jísítà ilé ìwé. Ó dára lójú mi nígbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù
Ṣé ìwé yẹn ló mú un ni, àbí oyin? Mi ò mọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pe àwọn Batwa ní òpùrọ́. Tí mo bá dákẹ́, Kampala á gbọ́ pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. Èwo ló burú jù? Mo sun ọ̀dùnkún jóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Òkúdù
Abẹ́ àtíbàbà ilé ìwé. Ọ̀gá igbó fúnra rẹ̀ wá. Wọ́n to àwo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì. Nígbà tí Oníbàtà Funfun ka ti àwọn Batwa, ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí i? Àwọn tó ti inú igbó wá ló sọ ọ́.”
Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dìde. Ọ̀rọ̀ tara mi nìkan ni mo sọ: pé mo kọ orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò ní kí n kọ, pé ó di ẹ̀rù fún àwọn èèyàn. Ọ̀gá ní èsì ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè yí i padà.
Ndyanabo ṣí fìlà. Ohùn rẹ̀ kéré. “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ rán mi lọ mú Sembagare. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fìka tọ́ka sórúkọ rẹ̀ fún mi.”
Ìyá Oyin rìn lọ sídìí tábìlì, ó da ẹ̀wà àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti àwọn Batwa sínú ìdì aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Òfìfo. Mẹ́fà. Kọ Nyiramisago sí i, kó hàn gbangba.”
Mo ní, “Kaaka, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárí jì mí.”
“Ta ló dárí jì ọ́? Mo ní kó o kọ ọ́.”
Mo kọ ọ́. Mi ò tíì mọ ẹni tó máa kà á.